Ẹyẹ Ọ̀sà Àjàṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Yà Wọ́n, àti Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Wọ́n Ń Padà

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ya fọ́tò ní Ouando, nílùú Àjàṣẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbéyàwó àti ìkómọjáde ni mò ń ya. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni mo ti ń bá ọkọ̀ lọ sójú ọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láti ya àwọn ẹyẹ omi. Àwọn tó funfun máa ń funfun báláú nínú fọ́tò mi débi pé a kì í rí ìyẹ́ kankan lára wọn. Èyí tó bá sì dúró dáadáa, kí n tó gbé kámẹ́rà sójú, ó ti fò lọ. Lẹ́ńsì 70-300 ni mo ní. Ṣé kí n yáwó ra èyí tó gùn jù ú lọ? Ohun mìíràn: àwọn ọlọ́kọ̀ ń sọ pé ẹyẹ ti ń padà sí ọ̀sà wa. Bàbá mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ìgbà èwe òun ni ẹyẹ wà. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà?"

Àbúrò mi, o káre. Inú mi dùn pé ẹni tó ń ya ìyàwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tún ń jí ní ọjọ́ Àìkú lọ ya ẹyẹ. Màá dá ọ lóhùn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ti kọ́kọ́ sọ ibi tí mò ń lọ. Ohun tó ń mú kí ẹyẹ fò kí o tó tẹ kámẹ́rà kò yàtọ̀ sí ohun tó ń pinnu bóyá ẹyẹ yóò padà sí ọ̀sà kan tàbí kò ní padà. Ibi tí ẹyẹ bá ti rí jẹ, tí wọn kò sì lé e, ibẹ̀ ló ń gbé. Ọ̀rọ̀ fọ́tò rẹ àti ọ̀rọ̀ bàbá rẹ, orí èyí ni méjèèjì dúró lé.

Ti ẹyẹ funfun ló rọrùn jù, nítorí náà òun ni ká kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Kámẹ́rà kò mọ ẹyẹ yàtọ̀ sí omi. Gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń kó pọ̀ wọn ìmọ́lẹ̀ wọn, ó sì fẹ́ kí àpapọ̀ wọn bọ́ sí agbedeméjì dúdú àti funfun. Omi ọ̀sà ṣókùnkùn, òun ló sì gba àyè tó pọ̀ jù nínú fọ́tò rẹ; ẹyẹ wà láàárín rẹ̀ ní bíńtín. Kámẹ́rà á wá fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò nítorí omi, ẹyẹ á sì jóná. Ìyẹ́ tó bá ti jóná nínú fọ́tò, kò sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó lè dá a padà. Wá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ +/- sí lára kámẹ́rà rẹ, kí o fà á wálẹ̀ sí -2/3 tàbí -1. Ya ẹyọ kan, kí o fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà. Bí o bá ti rí ìlà ìyẹ́ ní èjìká ẹyẹ náà, o ti dé ibẹ̀. Bí odindi fọ́tò bá ṣókùnkùn díẹ̀, má ṣe dààmú, o lè tàn án sí i nílé. Òdìkejì rẹ̀ ni ti ẹyẹ dúdú ọlọ́rùn gígùn tó ń wọ abẹ́ omi wá ẹja, tó sì máa ń na apá sílẹ̀ lórí igi akaja, ìyẹn igi tí àwọn apẹja rì mọ́ inú omi kí ẹja lè kó jọ síbẹ̀, kí oòrùn lè gbẹ ìyẹ́ rẹ̀. Bí ojú ọ̀run funfun bá wà lẹ́yìn rẹ̀, gbé e sókè sí +1, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjìji lásán ni wàá gbé wálé. Ìwọ tí o ti ń ya ìyàwó aláṣọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ oníkóòtù dúdú, ìṣòro yìí kò ṣàjèjì sí ọ rárá.

Ìyára shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí kó sì padé, ńkọ́? Nínú gbọ̀ngán àpèjẹ, 1/125 pẹ̀lú flash tó fún ọ. Lórí ọ̀sà kò tó, nítorí ọkọ̀ ń mì, ọwọ́ rẹ ń mì, ẹyẹ pàápàá kò dúró sójú kan. Má ṣe lọ sílẹ̀ ju 1/1000 fún ẹyẹ tó dúró. Fún èyí tó ń fò, 1/2000 ló yẹ, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ìmọ́lẹ̀ bá gbà. Jẹ́ kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, gòkè lọ sí 800 tàbí 1600 bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Fọ́tò tó ní hóró díẹ̀ sàn ju fọ́tò tó rú lọ. Gbé autofocus sí èyí tó ń tẹ̀ lé ohun tó ń rìn: Canon ń pè é ní AI Servo, Nikon àti Sony ń pè é ní AF-C. Ojú ẹyẹ ni kí o gbé e lé. Bí ojú bá mọ́ kedere, ènìyàn á dárí ji ìyókù. Flash ní tirẹ̀, fi í sílé.

Ní àsìkò ọyẹ́, oòrùn ń yọ lọ́dọ̀ wa ní nǹkan bí agogo méje. Torí pé a sún mọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì, oòrùn wa kì í fì sí ẹ̀gbẹ́ kí ó tó gòkè. Ṣe ló ń gun òkè tààrà. Kí agogo mẹ́sàn-án tó kọjá, òjìji ti bọ́ sábẹ́ àyà ẹyẹ, ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ yẹn ni tìrẹ. Eruku ọyẹ́ tí àwọn ènìyàn ń ráhùn sí, èmi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ń sé oòrùn díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì rọ̀ lára ìyẹ́ funfun. Má ṣe dìde dúró nínú ọkọ̀ láti ya fọ́tò. Jókòó, kí o gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún, kí kámẹ́rà sún mọ́ omi bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Bí o bá wà lókè tí ò ń wo ẹyẹ nísàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹrẹ̀ nìkan ni wàá rí. Bí ojú rẹ bá bá ojú rẹ̀ dọ́gba, wàá rí bó ṣe ń gbé láyé.

Ó wá kan ẹyẹ tó ń fò lọ. Ìwọ wo àwọn apẹja. Apẹja á máa da àwọ̀n, á máa kí ẹnìkejì rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹyẹ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ tí yóò máa jẹun lọ. Ìwọ tí o dákẹ́, tí o ń yọ́ bọ̀, ìwọ ni ó ń sá fún. Ìdí ni pé apẹja kò kọjú sí ẹyẹ, kò wò ó, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì lọ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ pa ẹyẹ jẹ ló ń tẹjú mọ́ ọn, tó ń rọra, tó sì ń bọ̀ tààrà. Bí o bá ń yọ́ bọ̀ pẹ̀lú gíláàsì dúdú ńlá lójú, ohun tí ẹyẹ rí nìyẹn.

Nítorí náà, bẹ ọlọ́kọ̀ kó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kó ṣe bí ẹni tó ń lọ síbòmíràn, kó sì máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ padà sídìí oúnjẹ rẹ̀ kí ẹ tó tún sún. Gbé kámẹ́rà sójú kí ẹ tó súnmọ́ ọn, kó má jẹ́ ìgbà tí ẹ bá débẹ̀ tán ni apá rẹ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fì sókè. Ọkọ̀ onípọ́ńpó tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì ló dáa, kì í ṣe oní-ẹ́ńjìnnì. Ọlọ́kọ̀ tí o bá mú ṣe pàtàkì ju lẹ́ńsì lọ: mú ẹni tó mọ ibi tí omi ti fà, tí kò sì kánjú. Bá a ṣe àdéhùn owó àsìkò, má ṣe bá a ṣe owó ọ̀nà, nítorí ẹni tí wọ́n bá sanwó ọ̀nà fún yóò fẹ́ kí ẹ tètè dé, yóò sì fi ọ́ la àárín ẹyẹ kọjá.

Ẹyẹ ń sọ̀rọ̀ kó tó fò. Bó bá dá oúnjẹ dúró, ó ti rí ọ. Bó bá na ọrùn sókè, ó ń rò ó. Bó bá tẹ ara síwájú tàbí tó yàgbẹ́, ó ti fẹ́ fò nìyẹn. Níbi tó bá ti na ọrùn ni kí ọkọ̀ ti dúró. Bí kò bá fi ọkàn balẹ̀ padà, ẹ fà sẹ́yìn. Kì í ṣe nítorí fọ́tò nìkan ni mo fi ń sọ èyí. Wo ẹyẹ kékeré aláyà funfun tí ń sáré létí ẹrẹ̀, tí ìrù rẹ̀ kì í yé mì sókè sódò. Kò wúwo ju nǹkan bí 50 gíráàmù lọ. Yúróòpù tàbí Éṣíà ni wọ́n ti bí i, ó ti fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà kó tó dé etí ọ̀sà wa, yóò sì tún gba ọ̀nà náà padà lẹ́yìn ọyẹ́. Ọ̀rá tó bá kó sára níbí ni epo tí yóò fi rin ìrìn-àjò náà. Ẹni tó bá ń lé e fò láti ibi ẹrẹ̀ kan sí òmíràn láti aago méje títí di aago mẹ́wàá, epo yẹn ló ń dà nù.

Ti ìtẹ́ ẹyẹ, kò sí àlàyé gígùn: má ṣe sún mọ́ ọn. Bí ìyá tàbí bàbá bá fò kúrò lórí ọmọ tí kò tíì hùyẹ́, oòrùn wa lè pa ọmọ náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwòdì tó ń yí lókè sì ti rí ibi tí ẹ dúró sí. Fọ́tò ìtẹ́ tí o bá ṣèèṣì yà láti ọ̀nà jíjìn, má ṣe fi ibi tó wà hàn nígbà tí o bá gbé e sórí Facebook.

Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyẹ tó ń fò káàkiri, ìyẹn yóò kàn tán ọ ní sùúrù ni. Bẹ̀rẹ̀ lórí òṣíbàtà. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ pupa bí igi ìrókò tí wọ́n kùn, ọrùn rẹ̀ funfun níwájú, awọ aró wà níwájú orí rẹ̀. Ọmọ ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ ẹyẹ lọ, òun ló fi ń pín ìwúwo ara rẹ̀ káàkiri ewé kí ewé má baà rì. Ó máa ń rìn kiri níbi kan náà, kì í sì í tètè fò lọ jìnnà. Akọ rẹ̀ ló ń sàba, akọ náà ló sì ń tọ́ ọmọ. Abo á ti lọ bá akọ mìíràn. Bí ewu bá dé, akọ á tẹ̀ ba, á kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, á sì gbéra rìn. Bí o bá fẹ̀ fọ́tò rẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni wàá rí tó ń rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ apá rẹ̀, láìsí orí kankan.

Èkejì ni ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú àti funfun, èyí tó pọ̀ lórí akaja àti lórí wáyà iná. Òun dára fún ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń ya ẹyẹ tó ń fò, nítorí ó máa ń dúró sójú kan lófuurufú, apá rẹ̀ á máa gbọ̀n, orí rẹ̀ kò ní mì rárá. Àsìkò yẹn ni kí o gbé focus lé orí yẹn. Lẹ́yìn náà á kan orí sínú omi, á gbé ẹja lọ sórí igi, á fi í lu igi náà lápá ọ̀tún àti òsì títí ẹja á fi kú, á wá yí orí ẹja síwájú kó tó gbé e mì, kí ìpẹ́ má baà há a lọ́fun. Wo àyà rẹ̀ nínú fọ́tò: bí àmùrè dúdú bá jẹ́ méjì, akọ ni, bó bá jẹ́ ẹyọ kan tó gé láàárín, abo ni.

O pe gbogbo ẹyẹ funfun tó wà nínú àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ní lékeléke, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe lékeléke. Lékeléke gan-an ni èyí tó ń tẹ̀ lé màlúù, ẹnu rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, èyí tí a máa ń bẹ̀ lọ́mọdé pé kó fún wa ní èékánná funfun. Èyí tó wà nínú omi, tí ẹnu rẹ̀ dúdú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, ẹyẹ mìíràn ni. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ kan gbọn ẹrẹ̀ kí ẹja kéékèèké lè jáde. Mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nítorí pé òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló lè kọ́ wa bí ẹyẹ ṣe ń padà.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn, àwọn obìnrin Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fi ìyẹ́ ẹ̀yìn àwọn ẹyẹ funfun yìí ṣe fìlà lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyẹ́ náà kì í yọ àfi lásìkò tí wọ́n bá ń pamọ. Àwọn ọdẹ á wá lọ pa wọ́n lórí ìtẹ́, ọmọ á sì kú síbẹ̀ fún ebi. Ibi tí ẹyẹ ti kún tẹ́lẹ̀, wọ́n pa á di òfìfo. Àwọn obìnrin kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ìjà náà: ní 1889, Emily Williamson dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítòsí Manchester ní England, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìpinnu pé àwọn kò ní wọ ìyẹ́ ẹyẹ mọ́. Amẹ́ríkà ṣe òfin tó dáàbò bo ẹyẹ arìnrìn-àjò ní 1918. England fi òfin dí ìyẹ́ tó ń wọlé láti òkèèrè ní 1921. Ní 1996, ẹyẹ aláàtẹ́lẹsẹ̀ pípọ́n yìí pamọ ní England fún ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rántí. Kò sí ẹni tó kó o lọ síbẹ̀. Wọ́n dẹ́kun pípa á, omi àti ẹja sì wà, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé.

Idì kékeré aláyà funfun kan náà wà, tó ń jábọ́ látòkè fi èékánná gbé ẹja nínú omi. Ní tirẹ̀, oògùn kòkòrò DDT ló fẹ́ pa á run ní Amẹ́ríkà: oògùn náà wọ inú ẹja, ẹja wọ inú ẹyẹ, èèpo ẹyin rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá ń tẹ̀ ẹ́ fọ́ bó ṣe ń sàba. Amẹ́ríkà fi òfin dí DDT ní 1972, idì náà sì tún pọ̀. Ní Scotland, níbi tí àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń jí ẹyin kó ti pa á tán, ó padà wá pamọ láti 1954, àwọn ènìyàn sì ń ṣọ́ ìtẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n etí omi Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ àwọn ti Yúróòpù ti ń lo ìgbà òtútù wọn. Àwọn ọmọ wọn á dé, wọ́n á sì dúró sọ́dọ̀ wa fún ọdún kan tàbí méjì kí wọ́n tó padà lọ ibi tí wọ́n ti bí wọn. Bí o bá rí i lórí òpó nínú ọ̀sà, apá kan iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ló wà lójú rẹ yẹn, bóyá yóò sì padà lọ láàyè wà lọ́wọ́ wa. Mo máa ń bẹ àwọn ọmọ tó ń dẹ tàkúté létí omi nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an.

Ilé wa náà kò ṣófo. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti kọ ọ̀sà Àjàṣẹ́, adágún Nokoué àti ìsàlẹ̀ odò Ouémé sínú ìwé àdéhùn Ramsar, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 1971 lórí àwọn ilẹ̀ olómi tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Àwa tí à ń dalẹ̀ sínú ọ̀sà, ó yẹ ká mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Koríko omi olódòdó elése àlùkò tí àwọn Faransé ń pè ní jacinthe d'eau, tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, ti bo ojú omi wa tó bẹ́ẹ̀ nígbà kan tí ọkọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá, ẹyẹ tó ń wo ẹja láti òkè kò sì rí omi. Láti 1991 ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tó wà ní Calavi ti tú kòkòrò kékeré kan sílẹ̀, Neochetina, tí kì í jẹ ohun mìíràn ju koríko yìí lọ. Kòkòrò náà kò pa á tán, ṣùgbọ́n ó dín agbára rẹ̀ kù. Iyọ̀ náà ń bá wọn ṣe é: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba ẹnu ọ̀nà tí àwọn Faransé gbẹ́ ní Kutọnu ní 1885 wọlé, koríko á sì rọ. Nígbà tí odò Ouémé bá kún ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, omi tí kò níyọ̀ á dé, koríko náà á tún hù.

Ní Bouche du Roy, ní Grand-Popo níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, àwọn ará ìlú àti ẹgbẹ́ Eco-Benin gbé Zangbeto, eégún olùṣọ́ òru àwọn Ògù, dìde láti ṣọ́ igbó etí omi. Wọ́n fi àmì rẹ̀ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gé igi níbi tí àmì náà bá wà. Àwa ará Àjàṣẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ Zangbeto. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá máa bẹ̀rù rẹ̀. Mo fẹ́ kí a ronú sí irú rẹ̀ fún apá kan ọ̀sà tiwa, níbi tí ẹyẹ ti ń sùn.

Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ló ń padà o. Igún, tí kò sí ọjà tí a kì í ti í rí i tẹ́lẹ̀, ti di ẹyẹ tí àwọn onímọ̀ kọ sí ìpele tó súnmọ́ ìparun jù láti 2015. Májèlé ń pa á, a sì ń pa á fún oògùn ìbílẹ̀. Igún kò ní ṣàìpadà bí a bá dẹwọ́, ṣùgbọ́n ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà yóò pẹ́.

Ní báyìí, bàbá rẹ àti àwọn ọlọ́kọ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ọlọ́kọ̀ rí ẹyẹ púpọ̀ ní oṣù Kìíní, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àlejò ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n á sì ti lọ kí òjò tó gbóná. Ẹni tó bá fi oṣù Kìíní wé oṣù Keje yóò rò pé ẹyẹ dé tàbí pé ẹyẹ lọ. Ohun kan tún wà tó ń tan ènìyàn jẹ ju èyí lọ: bí wọ́n bá da yẹ̀pẹ̀ kún etí omi níbì kan, tí wọ́n kọ́lé sí i, àwọn ẹyẹ tó ń jẹ níbẹ̀ yóò kó jọ síbi ẹrẹ̀ tó kù. Ẹni tó bá dé ibi ẹrẹ̀ tó kù yìí yóò rí ẹyẹ rẹpẹtẹ, yóò sì yọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló ti há mọ́ wọn. Bàbá rẹ ní tirẹ̀ ń rántí ọ̀sà kan tí ìwọ kò rí rí. Kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Bi í léèrè ibi tó wà, irú ẹyẹ wo, oṣù wo, kí ni wọ́n ń jẹ. Ìrántí àwọn àgbà bẹ́ẹ̀, a kò ní in níbòmíràn.

Láti mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ láti ìsinsìnyí lọ, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ fún ọ. Mú ibì kan ṣoṣo, bóyá etí ẹrẹ̀ kan tí a lè rí láti orí afárá Àjàṣẹ́, tàbí ibi akaja kan lójú ọ̀nà Aguégués. Lọ síbẹ̀ ní oṣù kan náà, ní aago kan náà, lọ́dọọdún. Kí o tó ya ẹyẹ kankan ní tìrẹ̀tìrẹ̀, fa lẹ́ńsì rẹ wá sí 70, kí o ya gbogbo etí omi náà láti ọ̀tún dé òsì, kí fọ́tò kan wọ inú èkejì díẹ̀. Wàá jókòó sílé kà wọ́n dáadáa, nítorí ẹni tó bá ka agbo ẹyẹ lójú omi sábà máa ń kà á sí díẹ̀. Ọjọ́ tí o kò bá rí ẹyẹ kan, kọ "kò sí" sílẹ̀, òun náà jẹ́ ìròyìn. Láti 1967 ni wọ́n ti ń ka ẹyẹ omi káàkiri ayé ní oṣù Kìíní ọdọọdún, Wetlands International ló ń kó ìṣirò náà jọ. Torí náà oṣù Kìíní ni kí ìwọ náà mú. Fi iye náà àti fọ́tò rẹ sórí eBird, ìkànnì tí àwọn tó ń wo ẹyẹ ti ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bí o bá ṣe é fún ọdún márùn-ún, ìwọ àti bàbá rẹ lè wá jókòó, kí ẹ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹ rí.

Ní ti lẹ́ńsì, má yáwó. 300 tó fún ẹyẹ orí òṣíbàtà àti ẹyẹ orí òpó bí ọkọ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ bí mo ṣe wí. Lẹ́ńsì ńlá wúwo nínú ọkọ̀ pọ́ńpó, ó ṣòro láti gbé dúró, ó sì máa ń mú kí ènìyàn gbàgbé omi àti ọ̀run tó yí ẹyẹ ká. Rán àpò aṣọ kékeré kan, kí o rọ ẹ̀wà gbígbẹ sínú rẹ̀, gbé e lé etí ọkọ̀, kí o wá gbé lẹ́ńsì lé e lórí. Mú ọ̀rá ńlá kan dání nítorí omi tó ń ta. Bí o bá dé ilé, fi aṣọ tó rin díẹ̀ nu iyọ̀ kúrò lára kámẹ́rà kí o tó fi èyí tó gbẹ nù ún. Wọ aṣọ tí kò tàn. Aṣọ àríyá wa kò gbọdọ̀ dé ojú omi lọ́jọ́ Àìkú.

Bí o bá ní fọ́tò ẹyẹ tí o kò mọ orúkọ rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ọjọ́, aago àti ibi tí o ti yà á. Jọ̀ọ́, ya ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò.